Ìṣó Kún Ẹnu Àlejò

Ọlọ́run fún mi ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára ju orí ìkàwé mi lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo yọjú sí ilé ẹ̀kọ́ girama fún sáà méjì péré kí bàbá mi tó ní kí n wá kọ́ṣẹ́ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí mo ṣe ń fọwọ́ síwèé á rò pé lọ́yà ni mí. Mo máa ń fa ìlà kan láti òkè, màá yí i po bí ìrù ológbò, màá wá kan ààmì méjì sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìfọwọ́sí yìí ti tàn jẹ. Lọ́dún tó kọjá, ó tan èmi tí mo ni ín pàápàá jẹ, mo sì ń dúpẹ́ títí di òní.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Abúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ni àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe, ọmọbìnrin yìí sì ni àkọ́bí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì dákẹ́ bí omi inú àmù. Àwọn kan wà ní Yábàá tí wọ́n máa ń ṣe ètò kan lásìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nígbà òjò, fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama láti abúlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń ṣe aṣáájú: bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, bí a ṣe ń pín iṣẹ́, bí a ṣe ń parí ìjà láìgbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn lábúlé kọ lẹ́tà títí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó kí wọ́n tó fún un láyè ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ kan, nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Ọmọ àbúrò mi ni wọ́n mú.

Ẹni tó bá ní ẹbí ní Èkó, ọ̀dọ̀ ẹbí ni yóò máa sùn, ibẹ̀ ni yóò ti máa lọ láràárọ̀. Èmi ni ẹbí tó wà ní Èkó. Àga onítìmùtìmù ni mò ń ṣe ní Pápá Àjàó, lọ́nà Muṣin, ilé wa ò sì ju ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Kí ọmọ tó dé, olùdarí ètò náà wá sílé wa. Ọ̀dọ́bìnrin tó wọ gíláàsì ojú ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kúnlẹ̀ kí ìyàwó mi, ó wá mú ìwé kan jáde. Ojú ewé mẹ́rin ni, èdè Òyìnbó ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí eèrà. Ó ní kí n fara balẹ̀ kà á, pé kò sí ìkánjú.

Ẹni tí kò mọ̀wé dáadáa ní ọgbọ́n tirẹ̀. Mo na ìwé náà jìnnà sójú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ní ojú ewé kejì mo ní, "Hẹn-ẹn." Ní ojú ewé kẹta mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí òǹkọ̀wé pa lẹ́rìn-ín. Àwọn àpótí kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kéèyàn máa sàmì sí. Mo sàmì sí gbogbo wọn pátá, torí mo rò pé bí mo bá fi ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á ní mi ò fẹ́ràn ọmọ. Mo wá fọwọ́ sí i: ìrù ológbò, ààmì méjì.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyàwó mi ní, "Dádì, ṣé ẹ kà á?"

"Kí ni mo ń ṣe lójú ẹ látẹ̀ẹ̀kan?"

"Mo rí i pé ẹ ń mi orí. Alángbá náà máa ń mi orí, kò sì kàwé."

Mo gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Ọkùnrin tó bá ń dá ìyàwó lóhùn gbogbo ọ̀rọ̀ kò ní ráyè ṣiṣẹ́.

Ọmọ dé pẹ̀lú àpò èlùbọ́ kan àti báàgì kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi rán an ní búrẹ́dì ní ìkángun àdúgbò, ibi téèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè nawọ́ kàn. A retí rẹ̀ títí tíì fi tutù. Ìgbà tí mo jáde lọ wò ó, mo rí ohun tó ń dá a dúró: gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kúnlẹ̀ kí. Ó kí ẹni tó ń gbálẹ̀, ó kí ẹni tó ń fọyín. Mẹkáníìkì kan wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta, ọmọ yìí kúnlẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́." Ẹsẹ̀ náà mì. Mẹkáníìkì yọrí síta, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Pápá Àjàó, ẹnikẹ́ni ò kí òun lábẹ́ ọkọ̀ rí. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, àwọn tí wọn kì í bi mí bóyá mo jí dáadáa ti ń bi mí pé, "Ọmọ yín yẹn ńkọ́?"

Bó bá ti Yábàá dé ní ìrọ̀lẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń yà sí. Yóò jókòó lórí pákó, yóò máa wo ọwọ́ mi, lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ yóò béèrè nǹkan kan. Ó béèrè ìdí tí a fi ń hun bẹ́líìtì abẹ́ àga ní àgbélébùú. Ó béèrè ìdí tí ìṣó kéékèèké fi máa ń wà lẹ́nu mi.

Mo ṣàlàyé fún un. Ọwọ́ kan ló ń fa aṣọ kó le, ọwọ́ kejì ló di hámà mú. Ta ló máa wá mú ìṣó wá? Ẹnu. Ẹnu ni ọwọ́ kẹta oníṣẹ́ àga. Ahọ́n ló ń yí ìṣó padà, tó ń tì í síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣó bá sì ti wọ ẹnu, ọ̀rọ̀ tán, torí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ á gbé e mì. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé bí ẹ̀rù bá bà mí, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ mi máa ń lọ. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wá obì jẹ ni èmi ń wá ìṣó.

Ó tún béèrè ìdí tí èmi kì í fi í kọ́kọ́ jókòó sórí àga tí mo bá parí. Mo sọ òfin ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Muṣin fún un. Bí àga bá parí, ẹni tó dé gbẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù ló máa kọ́kọ́ jókòó, ọ̀gá á wà lórí ìdúró. Ọ̀gá á wá bi í pé, "Báwo ló ṣe rí?" Nígbà tí èmi ni ẹni ìkẹyìn, mo jókòó, nǹkan ń gún mi nídìí bí ẹ̀gún, mo sì dáhùn pé, "Ó dùn sà." Ọ̀gá mi ní kí n jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ṣáà ti dùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀wọ̀ kì í tún àga ṣe.

Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé ní Yábàá, kò tíì la ẹnu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Níbo lò ń gbé báàgì lọ?"

"Bàbá Èkó, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa lọ sílé."

"Ta ló ṣe ọ́ ní nǹkan?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe mí ní nǹkan kan sà."

Mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jókòó, ó sì sọ ọ́. Lójoojúmọ́, ọmọ kan ni wọ́n ń fi ṣe olórí ọjọ́. Òun ló ń ṣí ètò, òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló sì máa fi àlejò han gbogbo èèyàn. Ọjọ́bọ̀ ló kan òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi òun ní ìbéèrè kan péré, òun mọ ìdáhùn rẹ̀, òun dìde, gbogbo ojú yí sí òun, ohùn òun sì padà sínú, kò jáde mọ́ títí òun fi jókòó.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Nítorí ọ̀rọ̀ sísọ? Ìwọ tó o kí ẹsẹ̀ mẹkáníìkì?"

"Ẹsẹ̀ ò lójú, Bàbá Èkó. Kò lè wò mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti pa mí lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu àgbàlagbà kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Mo ní, "Kí ni ojú èèyàn máa fi ọ́ ṣe? Wò mí. Bí wọ́n bá ní kí n wá bá gómìnà sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, bàtà mi ni mo máa wọ̀. Ẹ̀rù? Èmi?"

Ìyàwó mi wúkọ́ nínú ilé ìdáná. Mo mọ ikọ́ náà dáadáa. Kì í ṣe ata ló fà á.

Ojú ọmọ yẹn mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀ sà. Torí ẹ̀yin ni àlejò ọjọ́ náà."

"Àlejò wo?"

Ó mú lẹ́tà kan jáde nínú báàgì. Wọ́n ti fún un láti ọjọ́ Ẹtì, kò mọ bí òun ṣe máa gbé e fún mi. Ó kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi bó ṣe ń kà á. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ojú ewé kẹta ìwé tí mo fọwọ́ sí, wọ́n béèrè bóyá alágbàtọ́ ọmọ lè wá bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti bó ṣe ń darí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn alágbàtọ́, èmi nìkan ni mo sàmì sí àpótí yẹn.

"Àǹtí tó ń darí ètò ní inú àwọn dùn gan-an sí yín. Wọ́n wá fi yín sí Ọjọ́bọ̀, kó lè rọ̀ mí lọ́rùn, torí pé bàbá mi ni yín."

Mo wá ibì kan jókòó sí. Ilé oníṣẹ́ àga, àga ló yẹ kó kún ibẹ̀, àmọ́ orí báàgì ọmọ ni mo jókòó sí.

Ó ní, "Bí ẹ bá wá, màá dúró, màá sì gbìyànjú. Bí ẹ ò bá wá, mi ò lè dá dúró síbẹ̀, kí n má tiẹ̀ rí àlejò tí mo máa fi hàn. Ẹ jẹ́ kí n tètè máa lọ."

Mo ronú kan ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn àti gbogbo lẹ́tà rẹ̀. Bí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n gbà bá sá padà sílé lọ́sẹ̀ kejì, ta ló tún máa fún ilé ẹ̀kọ́ náà láyè? Mo ronú kan àbúrò mi tó ti ròyìn ọmọ rẹ̀ fún gbogbo ọ̀nà oko. Mo ní, "Mo máa wá." Ẹnu mi ló sọ ọ́. Àwọn ẹ̀yà ara yòókù ò sí nípàdé náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tí mo kó sí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mi ò sì dìde mọ́ títí wọ́n fi kọjá sí nǹkan mìíràn. Àwọn àna mi ní irú ọmọlúàbí báyìí ṣọ̀wọ́n. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, bí wọ́n bá ti ń wojú káàkiri láti wá ẹni tó máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wá mi. Ọdún kan tiẹ̀ wà tí wọ́n dá owó oògùn inú rírun fún mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó fi òróró pa á. Ó pa á tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn mi fi dára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Ọjọ́rú, mo ké sí olùdarí ètò lórí fóònù, mo ní èdè Òyìnbó mi ò tó wákàtí kan. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ yọnu, sà. Yorùbá ni gbogbo àwọn ọmọ yìí gbọ́, Yorùbá náà ni kí ẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀." Ilẹ̀kùn méjì ti tì.

Ó ku ẹyọ kan. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Sùúrùlérè, ó gbé àga ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé wá fún mi pé kí n sọ ọ́ di tuntun. Mo pe màmá náà.

"Màmá, lórí ọ̀rọ̀ àga yín, ṣé ẹ ò fẹ́ ẹ lọ́la láàárọ̀?"

"Lọ́la kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ ẹ lọ́la, mà. Ẹ tiẹ̀ bínú sí mi díẹ̀."

 Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́ irọ́ ọmọ kíláàsì kì í pẹ́ mọ irọ́ àgbàlagbà. "Ọ̀gá, kí lẹ ń sá fún?"

Mo sọ fún un. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ gbé àga náà dání lọ. Orí rẹ̀ ni ọkọ mi ti máa ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Inú rẹ̀ á dùn pé ó padà sí kíláàsì."

Ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà sá ni mo ń wá, ẹrù ni wọ́n dì lé mi lórí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a dá kẹ̀kẹ́ Máruwà kan dúró. Awakọ̀ rẹ̀ wo ọmọ, ó wò mí, ó wá tọ́ka sí àga. "Ẹ̀gbọ́n, bàbá tó sanra jù nínú yín yìí náà máa san tiẹ̀ o." A gbé bàbá tó sanra náà sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ. Èmi lọ há sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ìdajì ìdí mi wà lórí ìjókòó rẹ̀, ìdajì kejì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Títí a fi dé Yábàá, nínú dígí awakọ̀ ni mo ti ń rí ètè ọmọ náà tó ń mì. Mo mọ̀ pé ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú. Èmi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ kà.

Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ọmọ mẹ́rìnlélógún jókòó yí ká, láti Òkè-Ògùn, láti ìgbèríko Ẹ̀pẹ́, láti ìhà Ìkirè. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ láàárín fún èmi àti àga. Mo to irinṣẹ́ mi sílẹ̀, ọmọ àbúrò mi sì dìde.

"Ẹ káàárọ̀ o," ló sọ. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó jáde. "Àlejò wa lónìí ni..."

Ó dúró. Ohùn náà ti tún padà sínú.  Olùdarí fi ọgbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó nawọ́ sí mi: "Bàbá, ẹ ràn án lọ́wọ́, sà. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín bọ̀."

Mo fẹ́ la ẹnu. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi wọ àpò, mi ò sì mọ ìgbà tó kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣó bí ogún ló wà lẹ́nu mi. Mi ò lè gbé e mì. Mi ò sì lè tu ú sílẹ̀ lójú ọmọ ọlọ́mọ, bí ẹni tí wọ́n yọ eyín rẹ̀.

Mo ní, "Mmm."

Wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ tó kù. Mo tún ní, "Mmm," mo sì sọ ojú mi kalẹ̀ sí àga.

Ọmọ àbúrò mi yíjú wò mí. Ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó ti jókòó lórí pákó yẹn tó láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bá yọ báyẹn.

"Àlejò wa ò lè fọhùn báyìí," ló wí. "Ìṣó ló kún ẹnu wọn."

Ẹ̀rín bú jáde nínú gbọ̀ngàn. Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, gbogbo ojú sì kúrò lára rẹ̀, ó wá sára mi. Bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ni ọmọ náà ṣe mí èémí jáde.

"Ẹ dákẹ́ ná," ló tún wí, ohùn rẹ̀ sì ti ga sí i. "Kì í ṣe nǹkan ẹ̀rín. Ọwọ́ kan ló ń fa aṣọ, ọwọ́ kejì di hámà mú. Ẹ̀yin, ta ló máa mú ìṣó wá fún yín?"

Ọmọkùnrin Òkè-Ògùn kan ní, "Àbúrò mi." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Kí ni ẹni tí ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀ lè ṣe ju kó ṣiṣẹ́? Mo dojú àga dé, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣe é, ó ń sọ ọ́. Mo hun bẹ́líìtì, ó sọ ìdí tó fi jẹ́ àgbélébùú. Mo gbé aṣọ, mi ò tíì wá ẹni tó máa bá mi dì í mú tó ti ń tọ́ka: "Ìwọ, di etí ibí mú. Ẹ̀yin méjì, ẹ lọ sí òdìkejì. Ìwọ, má fà á jù, ó máa wọ́." Wọ́n sì ń ṣe é! Wọ́n ń ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Mo fẹ́ dá iṣẹ́ dúró kí n wò ó, àmọ́ ìṣó ò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn yẹn tún béèrè pé, "Ṣé wọn kì í gbé ìṣó mì?"

"Wọ́n ní ọ̀gá wọn gbé ẹyọ kan mì rí."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Ó jáde."

Olùdarí fúnra rẹ̀ bọ́ gíláàsì, ó ń nu omijé.

Nígbà tó yá, ahọ́n mi wá ìṣó, kò rí i mọ́. Ẹnu mi ti ṣófo, kò tún sí ibi tí mo lè sá pamọ́ sí. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o," láàárín àwọn ọmọ tí gbogbo wọn wà lórí ìdúró.

Ọmọ àbúrò mi gbà á lẹ́nu mi kó tó bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Àga ti parí, ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ́ ló ń kọ́kọ́ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn ni. Ta ló dé gbẹ̀yìn nínú wa?"

Wọ́n ti ọmọbìnrin kékeré kan láti ìhà Ẹ̀pẹ́ síwájú. Ó jókòó bí ẹni tó jókòó sórí ẹyin. Ọmọ àbúrò mi bi í pé:

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn, sà." Èmi ló ń wò.

"Sọ òótọ́," ni olórí ọjọ́ wí. "Torí òótọ́ ni wọ́n ṣe ní kó o kọ́kọ́ jókòó."

Ọmọ náà wò mí, ó wo olùdarí, ó wá fi ohùn wẹ́wẹ́ sọ pé, "Ó ń gún mi díẹ̀. Lẹ́yìn, lápá òsì."

Mo fọwọ́ kàn án. Ìṣó kan ló wà níbẹ̀ tó wọ́, orí rẹ̀ yọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́kọ́ kàn ni, nígbà tí gbogbo ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sára mi. Àwa oníṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ fún oníbàárà nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. A máa ń ní, "Bẹ́ ẹ bá ti ń lò ó, ó máa bára mu." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì, ó sì le ju ìṣó lọ. Mo mú ẹ̀mú, mo yọ ìṣó náà, mo gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Ọwọ́ mi ló gbọ̀n nígbà tí mo kan eléyìí."

"Kí ló dé tó fi gbọ̀n, sà?" Ọmọ kékeré yẹn náà ni. Ẹ kọ́ ọmọ ní òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní mọ ibi tó yẹ kó ti dúró.

Mo wo ọmọ àbúrò mi. Ọjọ́ Ajé ni mo sọ fún un pé, "Ẹ̀rù? Èmi?" Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàárín wa.

Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń bà mí. Ó ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà," ni ọmọ àbúrò mi wí, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, olùdarí kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní, "Sà, ọgbọ́n tí ẹ lò yẹn ga o. Ẹ dákẹ́ kí òun lè sọ̀rọ̀." Mo mi orí. Mo ní, "Hẹn-ẹn." Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ sọ òótọ́ fún un, ìdí kan nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí. Àǹtí, kì í ṣe ọgbọ́n rárá. Ojo ni mí. Ọlọ́run ló mú ojo mi, tó lò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá ọmọ sọ̀rọ̀ báàgì. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u, ó ká aṣọ rẹ̀ sí ibi tó máa ń wà. Ìyàwó mi rí i, ó sì fi ẹran kún oúnjẹ mi.  Nínú gbogbo ọ̀pọ̀ ohun tí mo ní láti dúpẹ́ fún láyé yìí, ẹran yẹn wà lára wọn.

Ọmọ náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Mo gbé àga lọ fún màmá ní Sùúrùlérè, ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ jókòó sí i, mo sọ fún un. Ó wá rọra jókòó, ó gbé ọwọ́ lé apá àga níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé e sí, ó ní kò sí ohun tó ń gún òun. Òótọ́ ló sọ, mo mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ padà sábúlé, àbúrò mi pè mí lórí fóònù, ó ní ilé ẹ̀kọ́ wọn náà ti ń fi ọmọ kan ṣe olórí ọjọ́ láràárọ̀, ọmọ òun ló sì ń kọ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀ yẹn, kí n má baà sunkún níwájú oníbàárà.

Lọ́dún yìí, ọmọ méjì ni wọ́n gbà láti ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Olùdarí tún mú ìwé wá, ojú ewé mẹ́rin, lẹ́tà bí eèrà. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á. Níbi tí èdè Òyìnbó bá ti ki jù, màá pe ọmọ àbúrò mi lórí fóònù, yóò ní, "Bàbá Èkó, ẹ tún kà á sí mi létí," màá kà á, yóò túmọ̀ rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín sí mi rí. Mo dé ojú ewé kẹta. Àpótí yẹn wà níbẹ̀. Mo wò ó, òun náà wò mí. Mo sàmì sí i.

Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi. "Dádì, ṣé ẹ kà á?"

"Mo kà á."

"Ẹ̀rù ò wá bà yín?"

"Ó bà mí," ni mo wí. "Mo ti lọ ra ìṣó tuntun."